Ẹnu Ayé àti Ìfẹ́ Opó: Àtúpalẹ̀ Fíìmù All That Heaven Allows (1955) àti Ìsopọ̀ Jane Wyman pẹ̀lú Rock Hudson

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àtúpalẹ̀ fíìmù Amẹ́ríkà kan, All That Heaven Allows, tí Douglas Sirk darí ní ọdún 1955, tí Jane Wyman àti Rock Hudson sì jẹ́ olú òṣèré inú rẹ̀. Ìbéèrè tí iṣẹ́ náà fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni ó mú kí eré kan tí ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ìgbà náà kà sí eré amúnisunkún lásán di iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń kọ́ ní yunifásítì lónìí? Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdáhùn náà pín sí. Èkíní ni bí eré náà ṣe sọ ẹnu ayé di ọ̀tá tí kò ní ojú kan pàtó. Èkejì ni bí ó ṣe fi àwọ̀, fèrèsé àti dígí sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ẹ̀kẹta ni ìsopọ̀ òṣèré méjèèjì, àti ohun tí ìgbésí ayé Hudson fúnra rẹ̀ fi kún ìtumọ̀ eré náà lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Iṣẹ́ náà lo èrò Yorùbá nípa ṣíṣe opó àti jíjáde opó gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n láti fi hàn pé ohun tí ìlú inú fíìmù náà kò ní gan-an ni ó dá wàhálà sílẹ̀.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnu ayé lẹbọ. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń fi yé ni ni pé ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa ẹni lágbára débi pé ó yẹ kí ènìyàn wá ètùtù sí i. Kò sí ẹni tí ó lè fa ẹnu ayé lọ sí ilé ẹjọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè nawọ́ sí ojú rẹ̀ pé òun nìyí, síbẹ̀ ó lè yí ìpinnu àgbàlagbà padà. Irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú All That Heaven Allows, àkọlé tí ènìyàn lè pè ní ‘Gbogbo Ohun tí Ọ̀run Yọ̀ǹda’ ní Yorùbá. Kò sí apànìyàn nínú eré náà, kò sí olè, kò sí ọkọ burúkú. Obìnrin opó kan fẹ́ fẹ́ ọkùnrin tí ó wù ú. Ọkùnrin náà kò ní ìyàwó nílé, ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì fẹ́ràn obìnrin náà dénú. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìfẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má bọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá bi ènìyàn pé ta ni ó dá obìnrin yìí lẹ́kun, kò ní lè dárúkọ ẹnì kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sí òfin kankan tí ó ní kí ó má fẹ́ ọkọ mìíràn. Bí ìlú ṣe lè gba ayọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn láì na ìka sí i ni kókó tí eré náà gùn lé.

Irú Eré tí Mẹlodírámà Jẹ́

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí orin ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ yìí. Lórí ìtàgé ilẹ̀ Faransé ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni irú eré náà ti kọ́kọ́ gbilẹ̀: eré tí orin ń tẹ̀ lé ìṣesí òṣèré, tí ó sì ń gbé ẹ̀dùn ọkàn síta gbangba. Nígbà tí ó fi máa dé Hollywood, pàápàá láàárín ọdún 1930 sí 1959, ó ti di eré nípa ilé, ìfẹ́, ọmọ àti ìrúbọ. Obìnrin ni ó sábà máa ń jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn, obìnrin náà sì ni àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù gbà pé yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe irú rẹ̀ ní fíìmù àwọn obìnrin, tí orúkọ náà sì ń gbé ẹ̀gàn lẹ́yìn.

Àbùdá kan wà tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́. Nínú mẹlodírámà, ẹ̀dá ìtàn kì í lè sọ ohun tí ó ń dùn ún. Ìwà ọmọlúàbí àwùjọ rẹ̀ kò gbà á láàyè. Bákan náà, láti ọdún 1934 ni òfin ìwà rere tí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà fi de ara wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ gidi, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n lè fi ìfẹ́ tọkùnrin-tobìnrin hàn ní ìhòòhò. Ohun tí ẹnu kò bá lè sọ, nǹkan mìíràn ni yóò bá a sọ ọ́: orin, aṣọ, àwọ̀ ògiri, àtẹ̀gùn ilé, ẹ̀ka igi nínú àwo òdòdó. Bí àrokò ṣe ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn Yorùbá ìgbà àtijọ́, tí owó ẹyọ tàbí ìyẹ́ ẹyẹ ń jíṣẹ́ tí ẹnu kò jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn nǹkan inú ilé ṣe ń jíṣẹ́ nínú mẹlodírámà. Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń ka àrokò náà yóò rí ẹkún, kò ní rí ọ̀rọ̀.

Olùdarí Eré àti Ìṣẹ̀dá Fíìmù Náà

Ìlú Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti bí Douglas Sirk ní ọdún 1897. Hans Detlef Sierck ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ó ti darí eré orí ìtàgé ní Bremen àti Leipzig kí ó tó bọ́ sídìí fíìmù. Ọmọ Júù ni ìyàwó rẹ̀ kejì, ní ọdún 1937 ni ó sì fi Jámánì sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti di ọmọ ẹ̀yìn ìjọba Násì, kò sì jẹ́ kí ó rí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ọmọ náà di òṣèré nínú fíìmù Jámánì, ó sì kú sójú ogun ní ọdún 1944. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní yà á lẹ́nu pé nínú àwọn eré tí Sirk darí ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ òbí àti ọmọ tí wọn kò gbọ́ ara wọn yé kì í jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Ilé iṣẹ́ Universal ni ó ṣe All That Heaven Allows. Ross Hunter ni agbéréjáde, Peg Fenwick ni ó kọ eré náà láti inú ìtàn tí Edna Lee àti Harry Lee kọ, Russell Metty ni ó ya àwòrán rẹ̀ ní aláwọ̀ Technicolor, Frank Skinner sì ni ó to orin rẹ̀, tí ó sì lo orin dùùrù Franz Liszt nínú rẹ̀. Ìdí tí eré náà fi wáyé kò ju ti ọjà lọ. Ní ọdún 1954, ilé iṣẹ́ kan náà ti ṣe Magnificent Obsession, tí Sirk darí, tí Wyman àti Hudson sì ṣe tọkọtaya olólùfẹ́ inú rẹ̀. Hudson kó ipa ọlọ́rọ̀ aláìnáání kan nínú eré yẹn. Nítorí àìbìkítà rẹ̀ ni dókítà kan fi kú, tí ìyàwó dókítà náà sì padà fọ́jú. Ọkùnrin náà wá kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn títí ó fi lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Owó wọlé, Hudson di ìràwọ̀ òṣèré, ilé iṣẹ́ náà sì ní kí wọ́n tún so àwọn méjèèjì pọ̀ ní kíá. Ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe nítorí owó ni Sirk rí lò láti sọ ohun tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àhunpọ̀ Ìtàn

Cary Scott jẹ́ opó ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Stoningham. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Ned àti Kay, sì ti wọ yunifásítì. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wálé. Ilé tí ó ń gbé tóbi, ó mọ́, ó sì dákẹ́. Ron Kirby ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń bá a gé igi inú ọgbà rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ náà ti ń ṣe kí ó tó kú. Ní ọjọ́ kan tí ọ̀rẹ́ Cary kò lè dúró jẹun pẹ̀lú rẹ̀, ó pe Ron sí tábìlì. Ron gé ẹ̀ka igi kan fún un, ó sọ fún un pé ìtòsí ilé tí ìfẹ́ bá wà nìkan ni wọ́n ní irú igi náà ti ń dàgbà. Ẹ̀ka igi yìí ni ìfẹ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀.

Ron kò fẹ́ gé igi inú ọgbà àwọn ènìyàn mọ́. Gbígbin igi ni ó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́. Ó mú Cary lọ sí ilé ìlọkà àtijọ́ kan tí ó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, ó mú un mọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mick àti Alida, tí wọ́n ti fi ìlépa ipò sílẹ̀ fún ìgbésí ayé ìrọ̀rùn. Ìwé Walden tí Henry David Thoreau kọ ni Mick fi ń ṣe bí Bíbélì, ṣùgbọ́n Alida ṣàlàyé pé Ron kò ní láti kà á, nítorí bí ó ṣe ń gbé gan-an nìyẹn. Ron dá ẹnu ìgbéyàwó sílẹ̀, Cary sì gbà. Àwọn ọmọ kọ̀. Ìlú ń sọ ọ́. Cary yọ ọwọ́. Nígbà tí Kérésìmesì dé, àwọn ọmọ tí ó torí wọn rúbọ wá sọ fún un pé àwọn ń lọ: Kay ń lọ sílé ọkọ, Ned ń lọ sí òkè òkun, ilé náà sì tóbi jù, ó yẹ kí wọ́n tà á. Ẹ̀fọ́rí dé sí obìnrin náà. Dókítà rẹ̀ sọ fún un pé àìsàn rẹ̀ kò sí nínú ara. Nígbà tí ó wá padà sọ́dọ̀ Ron, ó yí ọkọ̀ padà kí ó tó rí i. Ron, tí ó ń juwọ́ sí i láti òkè, já bọ́ nínú òjò dídì, ó sì fara pa. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni Cary ti pàdé rẹ̀ níkẹyìn.

Ìsopọ̀ Wyman àti Hudson

Ọdún 1917 ni wọ́n bí Wyman, ọdún 1925 ni wọ́n bí Hudson. Ọdún mẹ́jọ péré ni ó wà láàárín wọn, àti pé ẹni ọdún méjìdínlógójì ni Wyman ní ọdún 1955. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni ó fi ọdún mẹ́jọ ju obìnrin lọ, kò sí òǹwòran tí yóò ṣàkíyèsí. Ṣùgbọ́n fíìmù náà fi ìmúra, irun àti ìṣesí sọ Wyman di ìyá àgbà díẹ̀, ó sì fi Hudson hàn bí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le. Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ìdájọ́ àwùjọ lórí ọjọ́ orí ọkùnrin àti ti obìnrin ni eré náà fi sí ojú òǹwòran láì sọ ọ́.

Ohun tí ó mú ìsopọ̀ wọn yàtọ̀ ni pé wọn kò ṣe eré lọ́nà kan náà. Wyman ti gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún Johnny Belinda (1948), eré tí ó ti kó ipa obìnrin tí kò gbọ́rọ̀, tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Òṣèré tí ó mọ bí a ṣe ń fi ojú sọ̀rọ̀ ni. Nínú All That Heaven Allows, ojú rẹ̀ ni gbogbo ìjà náà ti ń wáyé: ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ti kún. Ti Hudson yàtọ̀ pátápátá. Ó ga, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, kì í yára rìn, kì í yára fèsì. Ìdúró rẹ̀ dà bí ti igi tí ó ń tọ́jú. Obìnrin ni ó ń yí padà láti ìran dé ìran. Ọkùnrin dúró sí ojú kan. Nítorí náà ni ìfẹ́ wọn ṣe dà bí ọ̀nà tí ó wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀, tí ó kù kí obìnrin náà ní ìgboyà láti rìn.

Ìtàn kejì wà lẹ́yìn èyí tí òǹwòran ọdún 1955 kò mọ̀. Ọkùnrin ni Hudson fẹ́ràn ní ìgbésí ayé rẹ̀, bí àṣírí náà bá sì tú nígbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Àwọn ìwé ìròyìn òfófó ń wá àṣírí àwọn òṣèré kiri. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1955 ni ó gbé akọ̀wé aṣojú rẹ̀ níyàwó, ìgbéyàwó tí kò pẹ́ tí ó fi tú. Ní ọdún 1985 ni ayé mọ̀ pé àrùn éèdì ń ṣe é, ó sì kú ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Láti ìgbà náà, kò rọrùn mọ́ láti wo Ron Kirby, ọkùnrin tí kò bìkítà nípa ohun tí ayé ń wí, láì rántí pé ẹni tí ó kó ipa náà kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ìmọ̀ràn tí Ron ń fún Cary, pé kí ó má jẹ́ kí ẹ̀rù ẹnu ènìyàn darí òun, ni òṣèré náà kò lè mú lò. Èyí kò sí nínú ìwé eré, kò sì yẹ kí lámèyítọ́ sọ pé Sirk kọ ọ́ síbẹ̀. Àmọ́ ó ti di apá kan ìtumọ̀ tí fíìmù náà ní fún òǹwòran òde òní.

Ẹnu Ayé, Ọmọ àti Ipò Opó

Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, Cary wọ aṣọ pupa lọ sí òde àwọn gbajúmọ̀. Aṣọ yìí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ fi ìyàlẹ́nu wo bí ọrùn rẹ̀ ṣe ṣí sílẹ̀. Obìnrin olófòófó ìlú, Mona Plash, kò jẹ́ kí ó kọjá láì sọ nǹkan sí i. Howard, ọkùnrin tí ó ní ìyàwó, sì gbà pé aṣọ náà fún òun láàyè láti fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Kí ni ó dé tí aṣọ kan fi lè dá ìtumọ̀ púpọ̀ tó báyìí sílẹ̀?

Níbi tí èrò Yorùbá ti wúlò nìyí. Nínú àṣà Yorùbá, opó ṣíṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Obìnrin a wọ aṣọ ọ̀fọ̀ fún iye àsìkò tí ìdílé àti ìlú kọ̀ọ̀kan là sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, yóò jáde opó. Wọn yóò bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ lára rẹ̀, yóò wẹ̀, yóò wọ aṣọ tuntun, gbogbo ènìyàn yóò sì mọ̀ pé ó ti padà sáàárín alààyè. Ṣíṣú opó pàápàá, àṣà tí ó fún àbúrò tàbí ìbátan olóògbé láàyè láti gba opó sílé, ní àléébù tirẹ̀, nítorí ó fi ìdílé ọkọ ṣe ààlà ìfẹ́ obìnrin, àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀tọ́ obìnrin sì ti ṣe àríwísí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbà ní gbangba pé opó ṣì jẹ́ obìnrin, àti pé ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àwọn ènìyàn jókòó sọ.

Stoningham kò ní ìjáde opó. Kò sí ọjọ́ kan tí ìlú péjọ láti sọ fún Cary pé ọ̀fọ̀ ti parí. Nítorí náà, nígbà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ aṣọ pupa, ìlú kò kà á sí òpin ọ̀fọ̀, ìṣekúṣe ni wọ́n kà á sí. Ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ dípò rẹ̀ ni Harvey, ọkùnrin àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le, tí ó ń wá ẹni tí yóò máa bá a gbé pọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí yóò bá a dàgbà ni ìlú gbà fún un. Ẹni tí yóò mú un yọ̀ ni wọn kò gbà. Kay, tí ó ń kọ́ nípa ìṣesí ẹ̀dá, tilẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ nípa àṣà Íjíbítì àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń mọ odi pa opó mọ́ inú ibojì pẹ̀lú àwọn dúkìá ọkọ rẹ̀. Ó ní àṣà bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́. Ìyá rẹ̀ dáhùn pẹ̀lú iyèméjì. Yálà ohun tí Kay sọ nípa Íjíbítì rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, àpèjúwe ilé Cary ni.

Ìwà àwọn ọmọ ni ó dùn ún jù. Ìlú lè sọ pé nígbà ayé ọkọ rẹ̀ ni ó ti ń fẹ́ Ron, wọ́n sì sọ ọ́. Cary lè fara da ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ned ní bí ìyá òun bá fẹ́ olùtọ́jú ọgbà, òun kò ní wálé mọ́, tí Kay sì ń sunkún nítorí ohun tí wọ́n sọ sí i nínú ilé ìkàwé, ẹnu ayé ti wọ inú ilé. Ó ti fi ẹnu ọmọ sọ̀rọ̀. Yorùbá gbà pé ọmọ ni ìgbẹ̀yìn ẹni. Fíìmù náà béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìgbẹ̀yìn ẹni bá gba ẹbọ tán, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àrokò Inú Ilé: Àwọ̀, Fèrèsé àti Amóhùnmáwòrán

Sirk kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé gbogbo èyí. Ó fi í sínú àwòrán. Nínú ilé Cary, ìmọ́lẹ̀ búlúù tútù ń wọlé láti ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ iná sì ń ti inú ilé wá. Ẹ̀dá ìtàn a dúró láàárín méjèèjì bí ẹni tí kò mọ èyí tí òun yóò yà sí. Nígbà tí Kay ń sunkún lórí ibùsùn, fèrèsé aláràbarà yàrá rẹ̀ da àwọ̀ oríṣiríṣi sí òun àti ìyá rẹ̀ lára. Ìran náà kò rí bí ojoojúmọ́, kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ìdàrúdàpọ̀ ọkàn ni ó wà lára ògiri.

Fèrèsé ilé Cary pín sí kéékèèké. Ìgbàkúùgbà tí ó bá wo ìta, igi fèrèsé a gé ojú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, bí ti ẹni tí ó wà lẹ́yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n. Fèrèsé tí Ron ṣe sí ilé ìlọkà yàtọ̀. Ó fẹ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo oko wọlé. Ilé ìlọkà yìí kan náà ni ìkòkò tíì Wedgwood kan wà, tí Cary rí àfọ́kù rẹ̀ nílẹ̀, tí Ron sì fi sùúrù tò pọ̀ títí ó fi pé. Ní alẹ́ tí Cary sọ pé òun kò lè fẹ́ ẹ mọ́, aṣọ rẹ̀ gbá ìkòkò náà, ó sì tún fọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn. Ẹni tí ó bá ti wo ọwọ́ Ron bí ó ṣe ń to àfọ́kù náà ti mọ ohun tí ó bàjẹ́.

Àrokò tí ó lágbára jù ni amóhùnmáwòrán. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n fi lọ Cary. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dábàá rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, gẹ́gẹ́ bí oògùn ìdánìkanwà. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sọ pé àwọn ń lọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wọlé pẹ̀lú ọ̀já ẹ̀bùn lára rẹ̀. Ẹni tí ó tà á ń fi ayọ̀ ṣàlàyé pé gbogbo ayé ni yóò máa rí níbẹ̀. Kámẹ́rà sún mọ́ ojú ẹ̀rọ tí wọn kò tíì tàn, ohun tí ó sì hàn nínú dúdú rẹ̀ ni ojú Cary, ní òun nìkan. Ibojì Íjíbítì tí Kay ní kò sí mọ́ ti dé, ọmọ ni ó sì fi ta ìyá lọ́rẹ. Ẹ̀gún mìíràn tún wà nínú rẹ̀: ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, amóhùnmáwòrán ni ó ń gba òǹwòran lọ́wọ́ Hollywood.

Ìparí Eré: Ayọ̀ tàbí Ìdè?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn, Ron jí, ó rí Cary lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgbọ̀nrín kan wá sí ẹ̀bá fèrèsé ńlá náà. Ìfẹ́ ti borí. Bí ilé iṣẹ́ ṣe fẹ́ kí ó parí nìyẹn, ọ̀pọ̀ òǹwòran sì fi ayọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí lámèyítọ́ wò ó dáadáa. Cary kò rí Ron gbà àfi ìgbà tí Ron kò lè dìde. Obìnrin tí ó ti jẹ́ aya, tí ó ti jẹ́ ìyá, ti di olùtọ́jú aláìsàn. Àgbọ̀nrín náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gíláàsì ni ó wà. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Sirk ṣe pẹ̀lú Jon Halliday, tí ó jáde bí ìwé ní ọdún 1971, ó ṣàlàyé pé àwọn ilé iṣẹ́ fẹ́ràn àkọlé náà nítorí wọ́n rò pé ó túmọ̀ sí pé ènìyàn lè ní gbogbo ohun tí ó bá fẹ́. Òdì kejì rẹ̀ ni òun ní lọ́kàn, pé ahun ni ọ̀run. Ọ̀run yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ó fi yọ̀ǹda. Òǹwòran tí ó bá fẹ́ ayọ̀ yóò rí i. Èyí tí ó bá wò jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò rí iye tí wọ́n san fún un.

Ipa Eré Náà Lórí Àwọn Tí Ó Tẹ̀ Lé E

Láti ọdún 1971 ni ojú tí wọ́n fi ń wo Sirk ti yí padà. Ní ọdún náà ni olùdarí eré ọmọ Jámánì, Rainer Werner Fassbinder, kọ àròkọ ìyìn lórí fíìmù rẹ̀ mẹ́fà. Thomas Elsaesser gbé àpilẹ̀kọ pàtàkì jáde lórí mẹlodírámà ìdílé ní ọdún 1972, Laura Mulvey sì fi ojú ìmọ̀ abo wo Sirk ní ọdún 1977, ó ní ìjà inú ilé tí àwọn eré náà fi hàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ní ọdún 1995, wọ́n fi All That Heaven Allows sí àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn fíìmù tí ó yẹ ní fífi pa mọ́.

Àwọn olùdarí eré náà tún ìtàn náà sọ. Nínú Angst essen Seele auf (1974), Fassbinder sọ opó náà di obìnrin àgbàlagbà tí ó ń gbálẹ̀ ní Jámánì, ó sì sọ olólùfẹ́ rẹ̀ di òṣìṣẹ́ ọmọ Mòrókò. Nígbà tí ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ fọ́ amóhùnmáwòrán. Ẹni tí ó bá mọ fíìmù Sirk mọ ibi tí ìtàpá náà ti wá. Todd Haynes ṣe Far from Heaven ní ọdún 2002: olùtọ́jú ọgbà di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ọkọ obìnrin náà sì jẹ́ ẹni tí ó ń fi ìfẹ́ rẹ̀ sí ọkùnrin pa mọ́. Ohun tí ọdún 1955 kò lè sọ nínú eré, àti ohun tí Hudson kò lè sọ ní ìta rẹ̀, Haynes gbé méjèèjì wá sójú kan.

Àgbálọgbábọ̀

Àtúpalẹ̀ yìí ti fi hàn pé All That Heaven Allows kò di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nítorí ìtàn ìfẹ́ rẹ̀ nìkan. Ó mú irú eré tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ó mú òṣèré méjì tí ọjà so pọ̀, ó sì fi wọ́n tú ohun kan wò tí ó ṣòro láti dì mú: agbára tí ọ̀rọ̀ ẹnu ní láti mọ odi yí ènìyàn ká. Òṣùwọ̀n Yorùbá jẹ́ kí ó hàn pé ìṣòro Cary kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ron rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ọ̀fọ̀ rẹ̀ yẹ kí ó parí, tí kò sí ẹni tí ó wá mú un jáde. Obìnrin tí ìlú kò bá mú jáde opó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jáde, ẹnu ayé ni yóò sì pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ lórí sinimá àgbéléwò, níbi tí opó, ọmọ àti ìdílé ọkọ ti ń forí gbárí lójoojúmọ́, fíìmù yìí fi ọ̀nà kan hàn: kí wọ́n máa wo ohun tí ó wà lára ògiri, lójú fèrèsé àti lórí tábìlì, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀dá ìtàn tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ ti ń sọ̀rọ̀.